Ẹni Tí Ń Kọ́ Ìwòsàn Pàápàá Ń Fẹ́ Ìtọ́jú

Kò sí ilé Yorùbá tí a ó ti sọ pé ọmọ kan ti rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó tí ariwo ayọ̀ kò ní sọ níbẹ̀. Ìyá yóò jó, bàbá yóò ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún aládùúgbò, àwọn tí kò tíì fojú kan ọmọ náà rí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dókítà. Ayọ̀ náà tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a bá ti jó ijó yìí tán títí di ọjọ́ tí a ó tún jó òmíràn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n bi ọmọ náà: ìgbà wo ni yóò ṣe tán? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò lónìí yàtọ̀ sí èyí. Ta ni ń tọ́jú ẹni tí ń kọ́ bí a ti í tọ́jú ènìyàn?

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ní yunifásítì. Ẹ lè wí pé kí ni ọ̀rọ̀ àwọn dókítà wá kàn mí. Ohun méjì ni. Èkíní ni pé àwa olùkọ́ ni a máa ń yàn ṣe olùdámọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ti jókòó lọ́pọ̀ ìgbà níwájú ọmọ tí ó fi ẹ̀rín wọlé tí ó sì bú sẹ́kún kí ó tó jókòó tán. Èkejì ni pé àbúrò ọkọ mi obìnrin kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn láti 2016 títí di 2024, ọ̀dọ̀ wa ni ó sì ń wá sí ní gbogbo ìsinmi. Ẹ̀yin aya ilé àti ìyá ọlọ́mọ ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ń kọ̀wé sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè yẹ̀ lórí wa. Bí àbúrò ọkọ bá ń kàwé, abẹ́ òrùlé wa ni yóò sá wá. Bí ọkọ bá ń kàwé, àwa ni a ó gbọ́ bùkátà. Bí ó bá sì ṣe pé àwa gan-an ni à ń kàwé, a ó gbé ìwé lọ́wọ́, a ó pọn ọmọ sẹ́yìn.

Ọ̀nà náà jìn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ náà ń lọ ṣe. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó gbà ní Nàìjíríà fún ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ìdánwò JAMB wọlé. Ọdún kìíní jẹ́ ti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì gbogbo. Lẹ́yìn èyí ni ó kan ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn àti bí ẹ̀yà ara wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti dúró ti òkú ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́, tí yóò fi ọ̀bẹ kékeré wá iṣan kan tí ó tín-ín-rín bí òwú. Ọmọ ọdún 18 tàbí 19 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òórùn oògùn tí a fi ń tọ́jú òkú kì í tètè kúrò lára aṣọ, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kúrò lọ́kàn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni àbúrò ọkọ mi kò fi ẹnu kan ẹran nígbà náà, tí ó jẹ́ pé ẹyin àti ẹ̀wà ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀ fún un.

Ìdánwò ńlá kan wà ní òpin apá yìí, òun ni odò tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ là kọjá kí wọ́n tó dé wọ́ọ̀dù. Máàkì 50 nínú 100 ni a fi ń yege níbẹ̀, nígbà tí 40 tàbí 45 ń tó ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá ṣubú yóò tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá tún ṣubú, wọ́n lè ní kí ó tún ọdún náà kà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá. Ẹni tí ó bá yege yóò wọ ilé ìwòsàn lọ, láti kọ́ nípa àìsàn inú ara, iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ọmọdé, ìtọ́jú aboyún àti ìgbẹ̀bí, ìtọ́jú ọpọlọ, àti ìlera ìgboro tí wọ́n máa ń lọ gbé ìgbèríko kọ́. Níbẹ̀ ni àìsùn òru wà. Níbẹ̀ náà sì ni aláìsàn tí ọmọ náà bá sọ̀rọ̀ lánàá yóò ti di ẹni tí a bo aṣọ lójú lónìí, tí olùkọ́ yóò sì retí pé kí ó dáhùn ìbéèrè ní bẹ́ẹ̀dì tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí gbogbo èyí bá parí, ọdún kan ṣì wà tí yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn kí ó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀.

Ẹ má gbàgbé pé ọdún mẹ́fà orí ìwé kì í sábà jẹ́ ọdún mẹ́fà. Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta 2020. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọdún mẹ́jọ ni àbúrò ọkọ mi lò. Ẹ wo bí ó ti rí fún ọmọbìnrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti lọ́kọ, tí òun ṣì ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Àwọn aṣáájú ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí kò ṣe é dá nìkan kọ́. Nígbà tí a dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, kò tíì sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni níbẹ̀, nítorí náà ìlú òyìnbó ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn. Ní 1957 ni a ṣí UCH. Bí ẹ bá wọ inú ọgbà ilé ìwòsàn náà lónìí, ẹ ó rí ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí a fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Brown pè, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn. Inú ọgbà ni ilé náà wà, kí ẹni tí a bá pè ní òru má baà rìn jìnnà nínú òkùnkùn, kí ẹni tí ó bá sì ti wọ́ọ̀dù dé ní ìdájí lè rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀ kíákíá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ètò ilé yóò gbà pẹ̀lú mi pé ibùsùn tí ó wà nítòsí jẹ́ ìrànlọ́wọ́ gidi fún òṣìṣẹ́ tí ó rẹ̀.

Bí mo bá sì rántí Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awólìyí, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní orílẹ̀-èdè wa, mo máa ń ronú sí i. Ìlú Dublin ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ yege ní 1938. Òkun ni ó wà láàárín òun àti ẹni tí ó lè gbé àwo ẹ̀kọ fún un. Àwọn ọmọ tiwa wà nítòsí. Àwáwí wo ni a ní?

Orúkọ tí ó wúwo

Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, aya ilé kì í pe ẹni tí ó bá nílé ọkọ ní orúkọ. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ní 2015. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó wọ yunifásítì, gbogbo ayé sì sọ ọ́ di Dókítà: ìyá ọkọ mi, àwọn ará ìjọ, oníṣòwò tí ń ta epo ní ìkóríta. Èmi kò yí orúkọ tèmi padà, nítorí pé aya kì í ṣàdédé pààrọ̀ orúkọ tí ó ti fún àbúrò ọkọ.

Ní 2018, Ìdílẹ̀kẹ̀ ṣubú nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní ìdánwò ńlá yìí, máàkì mẹ́ta péré ni kò jẹ́ kí ó yege. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ó dé ilé wa pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé iyán àti ẹ̀fọ́ rírò kalẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sì wẹ ọwọ́. Ọjọ́ kejì rí bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì náà ni ó bá mi ní ilé ìdáná, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n má pè mí ní Dókítà mọ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kì í pè mí bẹ́ẹ̀."

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní, "Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, orúkọ tí mo fún yín kò ní ìdánwò nínú."

Nígbà náà ni ó jókòó lórí àpótí tí ó sì sọ̀rọ̀. Ó sọ bí wọ́n ti lẹ èsì ìdánwò mọ́ ara ògiri, tí gbogbo kíláàsì ń tì í síwá sẹ́yìn kí wọ́n lè rí i. Ó ní òun lọ sí ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá náà kọjú sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tò láti san owó, ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé síbẹ̀ ni gbogbo ojú yóò tẹ̀ lé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó yí padà. Ó wá sọ gbólóhùn kan tí ó mú kí ara mi tutù: "Bí mo bá sùn tí n kò jí mọ́, wàhálà yìí ì bá tán."

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí létí yín, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ àsọdùn, ẹ má sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìbáwí. N kò ní kí ó dákẹ́. N kò sọ pé àwọn tí kò rí ilé ìwé wọ̀ ń bẹ. Mo bi í léèrè tààrà bóyá ó ti ń ronú láti pa ara rẹ̀ lára, nítorí pé àwọn onímọ̀ ti fi yé wa pé bíbéèrè kì í ti èrò náà sí ènìyàn lórí, ọkàn a máa fúyẹ́ nígbà tí ẹnìkan bá béèrè. Ó ní òun ti ń rò ó. Mo tẹ́ ẹní sí yàrá rẹ̀, mo sì sùn tì í mọ́jú. Ní òwúrọ̀, mo sọ fún baálé mi, àwa méjèèjì sì mú un lọ bá dókítà tí ń tọ́jú ọpọlọ àti ọkàn.

Ìyá ọkọ mi sunkún nígbà tí ó gbọ́. "Ṣé wọn kò ní sọ pé orí ọmọ mi ti dàrú?" Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti ìyá kan ṣoṣo. Ọkọ mi ni ó dá wọn lóhùn: "Màmá, bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó dá, ṣé a ó fi pamọ́?" Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì nu ojú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ wọn ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí wọ́n fi ń pè é nígbà tí ó wà ní ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Ìdílẹ̀kẹ̀ fi ń lọ sọ̀rọ̀ níwájú dókítà náà. Ó ṣe ìdánwò àtúnṣe, ó sì yege. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìyege náà ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Bí kò bá tilẹ̀ yege, tí ó sì lọ kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn, ìtọ́jú náà ì bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọmọ wa ṣì wà láàyè láti kọ́ nǹkan.

Ọgbọ́n tí Lambo fi sílẹ̀

Ojú tí à ń ti ènìyàn nípa àìsàn ọkàn kò bá ìtàn tiwa mu rárá. Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, fi ètò kan lélẹ̀ ní Aró ní 1954 tí gbogbo ayé wá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Dípò kí a máa ti aláìsàn ọpọlọ mọ́ ẹ̀yìn ògiri, ó mú kí wọ́n máa gbé àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa se oúnjẹ fún un tí yóò sì máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Lambo kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí ìyá àgbà gbogbo mọ̀, pé ara kì í yá tán bí kò bá sí ojúlùmọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Láti 1973 títí di 1988 ni ó fi jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Òfin náà ti ń yí padà. Ní oṣù kìíní 2023 ni a fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ń fi orúkọ wèrè pe aláìsàn. Bí ìwé òfin bá lè yí ohùn padà, ahọ́n tiwa náà lè yí i.

Ohun tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ ni ó wà ní yunifásítì tí àwọn ọmọ kì í lò, nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n tàbí nítorí pé ojú ń tì wọ́n. Ẹ mọ̀ wọ́n kí ẹ lè rán wọn létí.

Àkọ́kọ́ ni olùkọ́ tí a yàn ṣe olùdámọ̀ràn fún ọmọ náà. Kí ọmọ lọ kí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí kò sí wàhálà, nítorí pé ó rọrùn láti ran ẹni tí a mọ ojú rẹ̀ lọ́wọ́ ju àjèjì tí ó sáré wọlé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Èkejì ni ilé ìwòsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, owó adójútòfò ìlera wà lára owó tí a san ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, síbẹ̀ àwọn ọmọ a máa ra oògùn ibà lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Ẹ ní kí wọ́n gba káàdì wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni ọ́fíìsì tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ibùgbé, ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ̀ ní ilé, tàbí ìdíwọ́ tí ó lè mú kí ọmọ pàdánù ìdánwò. Ìwé ni ibẹ̀ ń fẹ́. Bí ọmọ bá ṣàìsàn ní ọjọ́ ìdánwò, kí ìwé dókítà dé ibẹ̀ kíákíá, kí ó má ṣe di ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ́yìn oṣù kan.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí ó ti kọjá níbẹ̀. Ohun tí ọmọ ọdún karùn-ún lè ṣàlàyé fún ọmọ ọdún kejì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta láti inú ìwé. Ìdílẹ̀kẹ̀ rí ọmọbìnrin kan tí ó ti ṣubú rí nínú ẹ̀kọ́ kan náà tí ó sì ti wà ní ọdún ìkẹyìn. Ọmọbìnrin náà kò fún un ní ìwé tuntun kankan. Ó kàn fi ìwé èsì tirẹ̀ àtijọ́ hàn án. Àbúrò ọkọ mi sọ fún mi pé ìwé kan yẹn tu òun nínú ju ìwàásù lọ.

Owó ni ẹ̀karùn-ún. Láti 2023 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti sún owó wọn sókè, owó ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì máa ń wà lára àwọn tí ó ga jù. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin 2024, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ NELFUND ń bójú tó. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí ètò náà sì bẹ̀rẹ̀, 20,000 náírà lóṣù ni a là sílẹ̀ fún ìgbọ́bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá ti sin ìlú tán ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Gbèsè ni ó ṣì jẹ́, nítorí náà kí ẹbí jókòó rò ó pọ̀ kí ọmọ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ tún béèrè nípa owó ìrànwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yín àti ti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹni tí kò béèrè ni kì í rí.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Mo wá dé ibi tí iṣẹ́ mi wà. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, inú ìkòkò wa sì ni agbára ìwé ti ń wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ó ń gbé ilé gbígbé kò ní àkókò láti dáná lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ní fìríìjì ní gbogbo ìgbà. Gàrí àti búrẹ́dì ni yóò gbára lé bí a kò bá tọ́ ọ sọ́nà. Gàrí ń fúnni lágbára, ṣùgbọ́n kò ní èròjà tí ń tún ara ṣe tó. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń padà sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ di ẹ̀pà yíyan àti kúlíkúlí mọ́ gàrí náà. Ẹ dín ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà pẹ̀lú ẹja gbígbẹ títí omi yóò fi gbẹ dànù tí òróró yóò sì léfòó. Ẹ bù ú sínú ìgò tí a ti fọ̀ tí ó sì gbẹ, kí ọmọ máa fi ṣíbí gbígbẹ bù ú, kí ó sì máa gbé e kaná. Irú ọbẹ̀ yìí kì í tètè bàjẹ́ bí ọlọ́mi. Ẹ kọ́ ọ láti máa rẹ ẹ̀wà sómi kí ó tó sùn, kí ó lè tètè jinná kí gáàsì má sì tán. Ẹ̀wà àti ẹ̀kọ, tàbí ẹ̀wà àti ìrẹsì, ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú ara dé ibi tí ọ̀kan nìkan kò lè dé. Ọ̀sàn àti ìbẹ́pẹ kò wọ́n ní àsìkò wọn.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ oorun pẹ̀lú. Àwọn ọmọ a máa fi kọfí àti ọtí amárayágágá lé oorun lọ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà sí ààyè wọn. Ẹni tí ó kàwé mọ́jú lọ́jọ́ mẹ́ta ń fi agbọ̀n pọnmi. Bí ó bá wá sí ọ̀dọ̀ yín fún ìsinmi ọjọ́ méjì tí ó sì sùn títí di ọ̀sán, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún aya ilé láti máa wo àbúrò ọkọ tí ń sùn nígbà tí àwo kún ilẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà ni pé mo fi iṣẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún Ìdílẹ̀kẹ̀, pé kí ó máa wẹ ọmọ wa àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ náà ń tù ú lára, ó sì ń fi hàn pé ọmọ ilé ni ó jẹ́, kì í ṣe àlejò.

Ẹ fún un ní igun kan tí kò sí ariwo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú tábìlì kékeré. Bí àgbà ẹbí bá dé tí ó ń bi í ní ìgbà tí yóò ṣe tán tàbí ìgbà tí yóò lọ́kọ, ẹ gbé omi tútù dé, kí ẹ sì fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ̀yin ẹ mọ bí a ti ń ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́

Mo mọ̀ pé lára ẹ̀yin tí ń ka ojú ìwé yìí ni àwọn tí wọ́n lọ́kọ láàárín ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tí wọ́n sì lóyún. Ẹ má sá fún ilé ẹ̀kọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Yunifásítì a máa fúnni ní àyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ni a fi ń béèrè, a sì gbọ́dọ̀ gba ìdáhùn nínú ìwé kí a tó lọ. Ẹni tí ó bá kàn pòórá lè padà wá rí i pé wọ́n ti yọ orúkọ òun kúrò.

Nípa ọmú, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni a gbà wá níyànjú pé kí ọmọ mu ọmú nìkan. Ẹ lè fi ọwọ́ fún ọmú sínú ife tí a ti sè, kí ẹni tí ó wà nílé máa fi ife àti ṣíbí fún ọmọ. Ọmú tí a fún lè wà nílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin níbi tí ooru kò bá pọ̀. Ooru tiwa máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ gbé e sínú kúlà tí yìnyín wà. Kí a sì sọ òtítọ́ fún ọkọ: ẹni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù lóru kò lè tún jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ jí dáná. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọkọ àti aya ni yóò pín ẹrù náà, láìsí pé a ń ka ẹni tí ó gbé jù.

Mo fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún àwa olùkọ́ àti àwọn aláṣẹ pẹ̀lú. Yàrá ìdámọ̀ràn tí ọmọ kò lè wọ̀ láìjẹ́ pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ rí i kò ṣiṣẹ́ kankan. Kí a yí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ibòmíràn. Kí a yéé lẹ ìṣubú ọmọ mọ́ ara ògiri, nígbà tí ó ṣeé fi ránṣẹ́ sí òun nìkan lórí fóònù rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gba owó púpọ̀, ojú àánú ni wọ́n ń fẹ́.

Àwọn tí a ń bọ́ lónìí ni yóò gbẹ̀bí àwọn ọmọ wa lọ́la, àwọn ni yóò sì dúró ti àwa fúnra wa ní ibùsùn àìsàn. Ẹni tí a bá fi sùúrù tọ́ yóò mọ sùúrù fi fún aláìsàn. Bí ẹ bá ní akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nínú ẹbí, ẹ tẹ̀ ẹ́ láago ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ fi ìdánwò sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ń sùn dáadáa, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ títí dé òpin.